Ẹsẹ̀ Ìyá Mi àti Àwọn Tó Ni Ọ̀rọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn ṣọ́jà ti fi ìjọba sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ayé wọn ni mo ń sọ, nígbà tí à ń tò fún epo mọ́tò láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà náà ni ìtọ̀ ṣúgà ba ẹsẹ̀ ìyá mi jẹ́.

Dókítà ní bí wọn kò bá tètè gé e, yóò pa á. Ó bi mí pé ta ni olórí ẹbí. Mo ní èmi ni ọmọ rẹ̀, tíṣà ni mí, èmi ni mò ń fọ egbò náà. Ó ní, "Màdámù, ẹ lọ pe àwọn bàbá yín wá."

Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú wa, ojú rẹ̀ là kedere. Ó ní kí wọ́n gé e. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ lédè Ègùn. Ó ní obìnrin kan tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ìlú Mọwó tó ń ta ẹja, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹun. Dókítà ń kọ̀wé lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú Apá ni olórí ẹbí. Mo ránṣẹ́ sí i. Nítorí ọ̀wọ́n epo, ọjọ́ kejì ló tó dé pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta.

"O ṣe dáadáa tí o dúró dè mí," ló wí. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Ẹni tó ni ẹsẹ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn ògiri! Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ bi òun fúnra rẹ̀."

"Ṣé aláìsàn ni à ń bi? Ìyàwó ilé wa kò ní wọ ilẹ̀ láìní ara pípé."

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè bírò láti fi buwọ́ lùwé pé àwọn kò gbà kí dókítà gé e. Èmi tí mo mọ̀wé jù wọ́n lọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé bírò mi fún un lórí ìkúnlẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa gé e. Mo ní ó di ọ̀la. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ọjọ́ kẹta ló kú. Níbi ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a sin ín pẹ̀lú ara pípé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.