Báírò Pupa Lórí Ìwé Ìsìnkú

Kòkó tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá máa ń rùn bí ọtí tó ti ń kan. Bí mo bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìta-Ògbólú lásìkò kòkó, tí mo rí i tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá létí títì, ojú máa ń tì mí nínú ọkọ̀ tí mo jókòó sí, láìsí ẹni tó bá mi wí. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, èmi á yíjú sí fèrèsé. Òórùn yẹn ló wà lára ìwé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà ní ìlú Oǹdó. Tíṣà ni ìwọ náà, o ti di báírò pupa mú rí, ìyẹn ni mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ. Àwọn mìíràn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún, mi ò sọ ọ́ dópin.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà, àwọn ọmọ kan ń gbé inú ọgbà, àwọn kan ń ti ilé wá. Ọmọ tó bá ń gbé inú ọgbà kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà kó tó dé ọ́fíìsì. Èmi ni tíṣà kíláàsì, èmi náà ni mo ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, mo sì gbà tọkàntọkàn pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbé gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn débi tí wọ́n ń lọ. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni àṣìṣe at, on àti in tí a fi ń sọ̀rọ̀ àkókò. Yorùbá ní “ní” kan ṣoṣo: ní aago mẹ́wàá, ní ọjọ́ Ẹtì, ní oṣù Kejìlá, ó parí. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Aago ní tirẹ̀, ọjọ́ ní tirẹ̀, oṣù àti ọdún ní tiwọn.

Ó nídìí tó fi ń bí mi nínú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bi mí léèrè ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní “in Monday”. Ọkùnrin kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún un sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Wọn ò gbà mí. Mo padà sílé, mo kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sórí bí ẹní kọ́ Sáàmù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi ò sá ní tèmi. Gbogbo ekòló tí mo bá rí ni mo ń pa.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jẹ́jẹ́ ni, inú ọgbà ló ń gbé, bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wá bá mi ní yàrá àwọn tíṣà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé kan sí mi. Awakọ̀ kan ló bá bàbá rẹ̀ mú un wá. Àárín ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ya á, ó sì ń rùn bíi kòkó. Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà fi kọ ọ́, torí lójú tirẹ̀, ìwé tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ò lè jẹ́ Yorùbá. Ó ní ìyá òun ti kú, ìyá tó tọ́ ọmọ yìí láti kékeré. Ó ní wọn yóò sin ín “in Friday, on 10 o'clock, at the morning”. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí ọmọ náà wálé ní Ọjọ́bọ̀, kó lè bá wọn da erùpẹ̀ sí sàréè ìyá àgbà rẹ̀.

Mo ń sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún ọ báyìí bí ẹni pé mo kà á lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ọ̀rọ̀ òkú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kà á. Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, ibi tó bá ń lọ ni ojú mi ń tẹ̀ lé. Mo yí in po, mo yí on po, mo yí at po, mo kọ èyí tó tọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo wá kọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí igun ìwé, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé àwọn ọmọ.

“Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n tún un kọ,” ni mo wí. “Ìwé tó ń bọ̀ nílé ẹ̀kọ́ kì í rí báyìí.”

“Ẹ ṣé, mà,” lọmọ náà fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé o gbọ́?

Ó tún ku ibòmíràn tí mo bà á jẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kọ àwọn àṣìṣe náà sójú pátákó fún gbogbo kíláàsì. Mo yọ òkú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, mo fi ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo tiẹ̀ rò pé àánú ni mo ṣe. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ fi ohùn ará oko kà á jáde, kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà wà ní ìlà iwájú, ó ń da àtúnṣe kọ sínú ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè. Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ń fọkàn sí ẹ̀kọ́.

Ó fi ìwé náà rán awakọ̀ padà sí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́bọ̀ kọjá, èsì ò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn tíṣà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìwé yẹn ò tíì dé.”

“Tó bá ti dé, wàá lọ.”

Ó ṣì dúró. Mo bi í bóyá ohun mìíràn wà, ó ní kò sí. Nígbà tí agogo aago mẹ́wàá lù, èmi ni mo wà níwájú kíláàsì wọn. Mo rí i tó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, tó tẹ orí ba, tó di ojú. Mo gbá tábìlì, mo ní kó jí, pé ibí kọ́ ni ibi oorun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lọ kí màmá mi, bí mo ṣe máa ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ̀rọ̀ ìwé náà fún un kó lè pa á lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ló kú?” ó bi mí.

Mo ní ó dà bíi pé ìyá bàbá ọmọ náà ni.

“Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó lọ?”

Mo ní wọn ò tíì tún ìwé náà kọ. Ó gbé atẹ ẹ̀wà kúrò lórí itan rẹ̀. “Ṣé uṣẹ́ tí a rán ọ lọ kọ́ nìyẹn?” Báyẹn làwa Àkúrẹ́ ṣe máa ń pe iṣẹ́, mo sì ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti di onígẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ náà, mo fa atẹ náà mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ajé ni bàbá náà wá fúnra rẹ̀. Ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó ti ṣí fìlà rẹ̀ kó tó wọlé. Kò sọ èdè Oǹdó sí mi. Yorùbá tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ló rọra fi bá mi sọ̀rọ̀, torí tíṣà ni mí.

“Ẹ má bínú sí wa, tíṣà. Ìwé náà pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, àlejò sì ti kún ilé. Lẹ́yìn ìsìn àná ni akọ̀wé ìjọ wa tó ráyè bá mi wò ó.”

Ó yọ ìwé méjì jáde, ti àkọ́kọ́ àti tuntun kan tó mọ́ tónítóní. Mo ka tuntun náà, mo kà á lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. On Friday, at 10 o'clock, in the morning. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì náà ti kọjá láti ọjọ́ mẹ́ta.

“Bàbá, ìsìnkú náà ńkọ́?”

“A ti ṣe é. A dúró díẹ̀ de ọmọ náà, mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo ọ̀nà. Àlùfáà ní oòrùn ti ń mú. Èmi ni mo bá a da erùpẹ̀ tirẹ̀ sí i.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni pé èmi ló yẹ kó tù nínú.

Mo bi í pé kí ló dé tó tún wá ń ṣe wàhálà ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti parí. Ó fi ìka kan igun ìwé àkọ́kọ́, níbi tí mo kọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá sí.

“Nítorí máàkì yìí ni. Èmi ni mo kọ ọ́, ọmọ náà ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé tèmi já a sílẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ bá mi fún tuntun yìí ní máàkì, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

Ó dúró. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé máàkì yẹn kì í ṣe ti ìdánwò kankan, pé ìwà òmùgọ̀ ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ báírò ni. Ìtìjú ò jẹ́. Orí àga ni mo wà, àgbàlagbà wà lórí ìdúró, mo gbé báírò pupa, mo sì kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sórí ìwé ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó wò ó, ó ká a, ó fi í sápò. Ó tẹrí ba fún mi, ó ní Ọlọ́run á fún mi lọ́mọ tí màá kọ́ níwèé. Mo ṣe àmín.

Mo bẹ ọmọ náà nígbà tó yá. Ó ní, “Kò sí nǹkan, mà,” bí àwọn ọmọ ṣe máa ń sọ ọ́ bí nǹkan bá wà. Nígbà ìdánwò ìparí táàmù, mo ní kí wọ́n fi at, on àti in ṣe gbólóhùn. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé wọ́n sin ìyá àgbà òun ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá, ní òwúrọ̀, òun sì wà ní kíláàsì. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Mi ò tíì rí ohun tó tọ̀nà tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Bí ìwé òbí bá dé, mo máa ń ti báírò sínú dúrọ́ọ̀ kí n tó ṣí i, mo máa ń bi ọmọ tó mú un wá pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ nílé, lẹ́yìn náà ni mo ń fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ in Friday ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ò san gbèsè kankan, mo mọ̀. Bàbá yẹn ò mọ ohun tí mo ṣe sí i, títí di òní ó lè máa rò pé tíṣà dáadáa ni mí. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí aago mẹ́wàá lù, mo máa ń gbé ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, màá tẹ orí ba, màá di ojú. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti rí i, wọ́n máa ń dákẹ́ ni. Kò sí èyí tó gbá tábìlì rí nínú wọn pé kí n jí.