Ọmọ Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Òórùn ọ̀dà ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè náà. Mo jáde sí pálọ̀ wa ní Àkúrẹ́, mo sì rí i pé kì í ṣe pálọ̀ mọ́. Bàbá mi ti kó àga tìmùtìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti to bẹ́ǹṣì mẹ́fà sí ààyè wọn, òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí àpótí, ó ń kun ápù pupa kan sára ògiri. Nínú gbogbo wa nílé yẹn, kò sí ẹni tó fi ojú kan ápù rí. Àwòrán inú ìwé ni bàbá mi wò, ohun tó kùn jáde sì jọ tòmátò tó ní ìrù. Àwọn ọmọ tó wá jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà ń pè é ní tòmátò, a sì ń bá wọn wí.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọ ìgbà yẹn, ẹ ó rántí bí ìlú ṣe le tó. À ń mu ògì láìsí ṣúgà, a sì ń sọ fún ara wa pé ṣúgà ló ń fa aràn. Búrẹ́dì ti di oúnjẹ aláìsàn, débi pé inú èèyàn máa ń dùn díẹ̀ bí ibà bá mú un. Wọ́n ti dá màmá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ń lọ sí ọ́fíìsì ní Alágbàká lójoojúmọ́, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń mú bọ̀ wálé ni ìwé ìròyìn àná. Màmá mi ló ronú kan jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní kò sí bí ìlú ṣe lè le tó, òbí á ṣì fẹ́ kí ọmọ òun máa sọ òyìnbó, àti pé bí ebi bá ṣe ń pa wọ́n tó ni wọ́n á ṣe fẹ́ ẹ tó. Òótọ́ ló sọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní àdúgbò náà. Ọ̀kan wà tí ẹni tó ni ín ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. A ò mọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀wù òtútù kan bọ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ kiri nínú oòrùn, àwọn òbí sì ń tẹ̀ lé ẹ̀wù náà. Màmá mi kò ní ẹ̀wù òtútù. Èmi ló ní.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Oǹdó ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá tó bí màmá mi, láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú títí mo fi pé ọmọ ọdún méje. Èdè Oǹdó ni mo fi ń sunkún, òun ni mo fi ń lá àlá. Ìyá Oǹdó ni a máa ń pe màmá àgbà náà. Ó máa ń mú mi lọ sí oko rẹ̀ lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, ó sì ń pọ̀n mí nígbà tí ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ máa kan ilẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ẹ̀yìn òun ni, kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, kíá ni mo mọ òyìnbó, ó sì ń gba imú mi jáde dáadáa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yẹn ni, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wá. Àwọn ilé-ìwé ìjọba sì wà ní títì nítorí ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà ilé ni mo ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí òbí àkọ́kọ́ wá wò wá, tó sì bi mí ní ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èyí ò gbọ́ Yorùbá dáadáa."

Màmá mi kò purọ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn òbí ni wọ́n bá a parí rẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti bí mi sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí oṣù fi máa parí, mo ti ní àìsàn kan tó jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun nìkan ni ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ń kó o ràn. Ọmọ mẹ́rìnlá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, èmi ni mo sì ń kọ́ wọn ní orin nípa òjò dídì, nínú ooru tó ń mú kí aláǹgbá wá ibòji. Láràárọ̀, bí màmá mi bá ń ya irun mi, á ní, "Ẹnu rẹ ni ilé-ìwé yìí o. Ṣọ́ ọ fún mi." Mo sì ń ṣọ́ ọ. Bí obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ní òdìkejì títì bá pè mí, mo máa ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ igbe ẹyẹ. Àwọn obìnrin àdúgbò kò kà mí sí ẹni tó ní etí mọ́. Wọ́n ń tú àṣírí ọkọ wọn àti ti ọkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ níwájú mi, èmi á máa fi ọmọlangidi ṣeré. Ohun tí mo mọ̀ ní ọdún yẹn, mi ò tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún títí di òní.

Ó tó oṣù márùn-ún tí a ti ń bá a bọ̀ kí Ìyáàfin ará Ìkàrẹ́ kan tó wá. Ọ̀gá ni ọkọ rẹ̀ ní báǹkì. Ó mú ọmọ mẹ́ta dání, ìbejì àti ìdòwú wọn. Àwọn òbí yòókù mọ̀ ọ́n, ibi tó bá sì kọjú sí ni wọ́n ń kọjú sí. Bó bá gbà láti kó wọn sọ́dọ̀ wa, ilé-ìwé wa ti dúró nìyẹn. Bó bá kọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wù òtútù ni yóò kó wọn lọ, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e. Èmi gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kí i ní òyìnbó, mo fún un ní àga, mo bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀ láti imú. Mo rí i tí ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Màmá mi ti na ìwé ìforúkọsílẹ̀ sí i nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn.

Ìyá Oǹdó ló dé láìránṣẹ́, ó ru agbọ̀n ńlá kan tó kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Eruku ọ̀nà wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́! Ọma mi!"

Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Màmá mi wò mí. Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ kọ́ ni mò ń pè ni?" Kò sọ ẹrù kalẹ̀, ó kàn na ọwọ́ kan sí mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ara mi gbóná. Mo wo ápù ara ògiri. Ìyáàfin ará Ìkàrẹ́ gbé kálámù sókè kúrò lára ìwé. Ó ní, "Àǹtí, ta ni màmá yìí?"

"Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa ni, mà," ni màmá mi wí.

Yorùbá ló fi sọ ọ́, Ìyá Oǹdó sì gbọ́ ọ. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo èmi, ó tún wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà. Kò tilẹ̀ sọ èdè Oǹdó mọ́, Yorùbá inú Bíbélì ló ń sọ. "Ẹ wò ó bó ṣe tóbi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ bá mi rà á, ọ̀nà mi jìn." Màmá mi ní ó ti wọ́n jù. Ìyáàfin ará Ìkàrẹ́ mọ ọjà tó dára, kò sì mọ nǹkan mìíràn. Ó dá sí i, ó ná an títí, ó sì ra gbogbo rẹ̀ ní ìdajì iye tí wọ́n ń tà á. Ìyá Oǹdó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó súre fún ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi agbọ̀n òfìfo há abíyá, ó sì lọ. Kò wẹ̀yìn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fo bẹ́ǹṣì kọjá. Mo kàn bá ara mi ní títì láìwọ bàtà ni, mò ń pè é, gbogbo èdè Oǹdó tí mo ti gbé mì láti oṣù márùn-ún sì ń tú jáde lẹ́nu mi, ẹkún àti ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin ẹlẹ́wà sọ ṣíbí kalẹ̀. "Hà! Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù rèé!" Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rántí ohun tí wọ́n ti sọ níṣojú mi.

Ìyá Oǹdó kò dúró. Ó ń rìn lọ, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìyí ojú padà. "Padà sílé, ọma mi. Wọ́n ń gbọ́ ẹ." Ilé-ìwé wa ló ṣì ń bò láṣìírí. Mo di ìró rẹ̀ mú, mi ò sì jẹ́ kó lọ, títí ó fi yíjú sí mi. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ìyáàfin náà kó ọmọ rẹ̀ lọ. Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹ̀lú. Kí táàmù tó parí, bàbá mi ti kó àga tìmùtìmù padà sí pálọ̀. Màmá mi kò nà mí, kò tilẹ̀ pariwo mọ́ mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo ìjọ dìde lọ gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ó jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dá lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì, kò sì sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyá Oǹdó tún ń wá kí wa títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò wá láìránṣẹ́ mọ́. Á kọ́kọ́ bi wá bóyá a ní àlejò.

Ní báyìí, ìlú kan ní Ṣáínà ni mò ń gbé, jẹ́lé-ó-sinmi ni mo sì ti ń kọ́ ọmọdé ní òyìnbó. Màmá mi ti fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta pé ibi tí Olúwa ti ń múra iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi ni pálọ̀ wa. Ó wà nínú ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí pé òbí tàbí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo gbọ́ èdè wọn, kí ọmọ má bàa rí ọ̀nà sá fún òyìnbó. Ọdún kẹfà mi nìyí níbẹ̀. Ní ọjà lọ́jọ́ Sátidé, mo ń fi èdè wọn bá ẹlẹ́ja jà. Bí mo bá ti wọ kíláàsì, mo ti dití nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá wa ń ṣàlàyé òfin náà fún mi, ó ń bẹ̀rù pé kò ní rọrùn fún mi. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ wá fa ẹ̀wù mi. Inú ló ń run ún. Ó sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, ó tún un sọ, ó mú ọwọ́ mi, ó fi sí ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ ti jáde lọ bu omi. Kámẹ́rà wà lókè orí wa, àwọn òbí sì ń wò wá lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ wọn. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní kó sọ ọ́ ní òyìnbó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, nítorí èmi kò tíì kọ́ wọn. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ ikùn títí ẹni tó lọ bu omi fi dé.

Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ kọ̀wé yìn mí, ó ní òun rí i lórí fóònù bí mo ṣe ní sùúrù tó, wọ́n sì ka ìwé náà sétí gbogbo olùkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan sáré jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ohun tí yóò bà jẹ́ fún ìyá rẹ̀. Èmi tí mo ti pé ọdún méjìlélógójì dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.