Àlejò Tí Mo Ṣe Ìrìbọmi Fún

Òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì àti ti ilẹ̀ tútù tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ni mo fi máa ń rántí Ìgàndó ayé ìgbà náà. Owó epo rọ̀bì ti dé, rédíò ò sì jẹ́ ká gbádùn: títì ń bọ̀, ọsibítù ń bọ̀, iná mànàmáná ń bọ̀. Lóòótọ́, katapílà kan dé. Ó gbẹ́ ọ̀nà wa tó lọ sí Ìkọ̀tún kó ṣe é ní títì, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ wọn tì síbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ di ẹrẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ gan-an ò lè kọjá.

Tíṣà ni mí nígbà náà, Oǹdó ni èmi àti ọkọ mi ti wá, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù lọ́jọ́ Sátidé. O mọ bí èèyàn ṣe máa ń rí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni: mo gbà pé kò sí ìbéèrè tí n kò ní ìdáhùn sí. Nínú yàrá tó kọjú sí tèmi ni ọ̀dọ́ ìyàwó kan wà, ọmọ ìjọ Àgùdà bíi tèmi. Ọkọ rẹ̀ ń wa típà tó ń kó yanrìn, kì í sábà sùn nílé. Ó bí ọmọkùnrin, gbogbo ilé sì yọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ kankan, nítorí ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì pé. "Àlejò" la ń pè é. "Àlejò ti jí?" "Àlejò ti mu ọmú?" Mo máa ń na ìka sí i kó fi ọwọ́ dì í mú, inú mi á sì dùn bíi pé èmi ni mo bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, Àlejò kọ ọmú. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò ṣí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àgbọ̀n rẹ̀ ti le gbagidi, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí a bá kàn fọwọ́ kàn án. Ìyá onílé wa, arúgbó Àwórì, wò ó, ó sì gbójú kúrò. Ọkọ mi ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkọ̀tún láti wá dókítà tàbí fádà, èyí tó bá kọ́kọ́ rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo katapílà tó rì sínú ẹrẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì ń bá a jà nínú mi bí ẹni pé yóò dá mi lóhùn.

Mo mọ ohun tí ìjọ kọ́ wa: bí ọmọ bá fẹ́ kú tí kò sí fádà, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìrìbọmi fún un. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọdé, mo tiẹ̀ ti na èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Mo bu omi sínú abọ́, mo wọlé tọ ìyá ọmọ lọ.

"Ìyàwó, kí la máa pè é?"

Ó wo abọ́ ọwọ́ mi, ó sì yé e. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́jọ ò tíì pé. Ṣé ẹ fẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ kó lè ráyè lọ ni?"

Bí mo bá ta kú, yóò gbà títí ayé pé èmi ni mo fa ọmọ rẹ̀ lé ikú lọ́wọ́. Bí mo bá gbé abọ́ padà, ọmọ yóò lọ láìgba ìrìbọmi, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ikú fúnra rẹ̀ lọ nígbà náà. Mo jókòó sórí ẹní, mo gbé abọ́ lé itan, mo bú sẹ́kún. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ìyàwó wá gbé ọmọ sún mọ́ mi. "Ẹ fi ohun tí à ń pè é náà ṣe é, jàre. Orúkọ ẹ̀ gan-an á dúró dè é."

Mo da omi sí i lórí, èyí tó dà sórí ẹní sì pọ̀ ju èyí tó kan orí ọmọ lọ. "Àlejò, mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ìyá rẹ̀ ló ṣe Àmín. Kò sí nǹkan tó yí padà. Àgbọ̀n ọmọ kò rọ̀, òjò kò dá, a ò gbúròó ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níta. Kí ọkọ mi tó mú fádà dé, tí ẹrẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì dé orúnkún, Àlejò ti lọ. Fádà bi mí pé orúkọ wo ni mo pè é. Nígbà tí mo sọ ọ́, mo retí pé yóò bá mi wí. Ó kàn kúnlẹ̀ sórí ẹní tútù náà, ó gbàdúrà.

Títì yẹn padà parí, ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ dòní. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìgbàgbọ́ ni kí èèyàn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kó ṣe é, kó sì yọrí. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan kan ò yọrí lọ́wọ́ mi, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, n kò ní purọ́. Ohun tó kù fún mi ni pé a wà níbẹ̀, a ò jẹ́ kó dá nìkan lọ.

Lọ́dọọdún, ní oṣù tí a fi ń rántí àwọn òkú, mo máa ń ní kí wọ́n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tèmi: bàbá mi, ìyá mi, ọkọ mi, Àlejò. Lọ́dún tó kọjá, fádà ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá wò mí. "Màmá, àlejò wo nìyẹn? Àbí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀ ni?"

"Orúkọ ẹ̀ nìyẹn, Fádà," ni mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."