Ọkọ̀ Pupa Tó Há sí Ìgólò

Mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ọkọ̀ wà ní Ìlaròó nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí bíi ti ọkọ mi. Aláwọ̀ ewé ni, ó kéré, ó balẹ̀ pẹ̀tẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún wọn, ó sì ti gbó kó tó dọ́dọ̀ wa. Bá a bá kọjá níwájú ọjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á pariwo:

"Ìyá onípákó, ìdajì ọkọ̀ yín tó kù ńkọ́?"

Èmi náà á dáhùn, "Ó wà nílé, ó ń gbọ́mọ!"

Ilé ìlagi ni ọkọ mi ní. Wọn kì í mutí, wọn kì í ròde. Ọkọ̀ yẹn ni fàájì wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwa méjèèjì á jókòó sínú rẹ̀, a ó gba ọ̀nà Ìlobì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, eruku á bo gbogbo ẹ̀yìn wa.

Kò yọ wá lẹ́nu, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìjàpá, ọkọ̀ kékeré tí àwọn tíṣà ń wà. Kì í mu omi rárá. Ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà á yọ irú rẹ̀ lára ìjàpá tó ti kú, á fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní Abẹ́òkúta sọ pé ẹ̀gbẹ́ ojú wọn ló ń kú, pé díẹ̀díẹ̀ ni òkùnkùn náà á máa wọ àárín, èyí tó bá sì ti lọ ti lọ. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ọkọ mi ní:

"Kí ojú mi tó ṣú, mo fẹ́ wa ọkọ̀ gidi kan."

Mo mọ èyí tí wọ́n ń wí. Oníṣòwò Faransé kan ní Àjàṣẹ́ tó wà lọ́nà Kútọnu ní ọkọ̀ pupa kan tó wá láti ilẹ̀ Ítálì. Òun náà ti gbó, àmọ́ tó bá bú, àyà èèyàn á já. Ọmọ àbúrò ìyá ọkọ mi ló ń tún un ṣe ní Ìgólò, ìyẹn ìlú tó kángun sí Ìdí-Ìrókò ní òdìkejì bodè, ní ìhà Faransé.

A jókòó, a gbé méjèèjì yẹ̀ wò, ewé tí a ní àti pupa tí wọ́n fẹ́. Pupa ń mu epo ju ewé lọ. Pupa ń mu omi. Ikùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ débi pé òkúta á máa ha á. Táyà rẹ̀, kódà ní Èkó, wíwá ni.

Mo ní, "Ta ni á máa tún un ṣe?"

"Àbúrò mi tó wà ní Ìgólò."

"Ibẹ̀ ò ha jìnnà?"

"Ìwọ obìnrin yìí! Ìgólò tó o ti ń lọ ra ìpara? Ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ọ̀hún ni ìyá tó bí wọn ti wá. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ lọ́hùn-ún, a ó lọ. Bí wọ́n bá ń sìnkú níbí, wọ́n á wá. A ka epo, a ka omi, a ka òkúta ojú ọ̀nà. A ò ka bodè. Kò sẹ́ni tó ń ka bodè sí nǹkan kan nínú ẹbí wa.

Wọ́n ta ewé fún tíṣà kan tó ń gbé Ayétòrò, wọ́n fowó pákó kún un, wọ́n ra pupa. Inú ọyẹ́ ni wọ́n gbé e dé. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé lórí ìjókòó rẹ̀. Ọyẹ́ ò tíì tán tí omi rẹ̀ fi ń jò. Wọ́n gbé e lọ sí Ìgólò, wọ́n fi í sílẹ̀ kí àbúrò wọn lè bá wọn wá àrọ́pò ohun tó bàjẹ́ ní Kútọnu.

Ibẹ̀ ló wà tí rédíò fi kéde pé ìjọba sójà ti ti bodè.

Èmi àti ọkọ mi lọ sí Ìdí-Ìrókò. Àwọn sójà ti fi irin dábùú títì.

Sójà kan ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Ọkọ̀ mi ló wà lọ́hùn-ún."

"Ẹ ní ọkọ̀ nílẹ̀ Faransé, ẹ tún ní ọmọ Nàìjíríà ni yín?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ń fẹsẹ̀ gba inú igbó ìhà Ìhùnbọ̀, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń sá fún sójà. Àwọn ni àbúrò wọn rán pé ọkọ̀ ti yá, pé òun ń ṣáná sí i lóòrèkóòrè kó má baà kú. Ọkọ mi ní àwọn á tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ náà gba inú igbó, káwọn lè lọ wà á lọ́hùn-ún. Mo di aṣọ wọn mú.

"Ẹ̀yin tẹ́ ò rí ẹ̀gbẹ́ yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ sáré nínú igbó?"

Wọ́n jókòó. Wọn ò bá mi jà.

Tíṣà tó ra ewé a máa gbé e wá sí Ìlaròó, á sì kọjá níwájú ilé wa. Ọkọ mi mọ ohùn rẹ̀ kó tó yọ. Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á ní, "Ó ti pẹ́ jù kó tó yí jíà."

Ọdún yẹn parí, bodè ò ṣí. Ìgbà tó fi máa ṣí, ojú ọkọ mi ti ṣú.

Àbúrò wọn fúnra rẹ̀ ló wà á wálé. Ọkọ mi jáde, wọ́n fọwọ́ pa á lára láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

"Ṣé ó ṣì pupa?"

Mo ní, "Oòrùn ti bó o. Ó ti ń funfun."

"Bíi tèmi náà."

Àbúrò wọn gbé wọn yí ìta ìlú ká. Nígbà tí wọ́n dé, ó sọ fún mi pé ní gbogbo kọ́nà ni Ẹ̀gbọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni ń tẹ bírékì.

Ó dùn mí títí dòní. Gbogbo àsìkò tí bodè fi wà ní títì, àárín ojú wọn ṣì ríran. Ká ní ewé la dì mú ni, wọn ì bá fi ìwọ̀nba tó kù wà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni, kó tó tán. Dídúró de èyí tí a rò pé ó dára jù ló jẹ ojú wọn tó kù, bí wọ́n ṣe jókòó níwájú ilé.

Lọ́jọ́ yẹn náà, ọkọ mi ní, "Àbúrò, wà á padà. Bá mi tà á."

Wọ́n wọlé. Wọn ò dúró gbọ́ bó ṣe bú lọ.