Aago Tí Lung Thawin Kò Fi Sọ́wọ́

"Lung, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aago, kí ló dé tí ẹ kì í fi ọ̀kan sọ́wọ́?"

Ìbéèrè tí Kratae bi Lung Thawin nìyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, lẹ́bàá adágún tó wà láàárín ìlú Roi Et. Lung ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, Pa ni ti àgbà obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Kratae, kì í sì í ṣe ọmọ tó máa ń bi àgbà ní ìbéèrè. Nínú kíláàsì, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á dúró títí ẹlòmíràn á fi tọrọ àyè kí òun náà tó dìde tẹ̀ lé e. Ìbéèrè yìí ti jáde tán kí ó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Lung Thawin mú aṣọ ìnura kékeré kan, ó nu ojú aago kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì fi í kọ́ ìṣó rẹ̀ padà.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ló wí. "Ṣé aago ló fẹ́ ni, àbí ìgò omi?"

"Mi ò mọ̀, Lung. Wọ́n ní kí n wá wò ó ná."

"A kì í bá ẹlòmíràn wo aago. Sọ fún un kó wá fúnra rẹ̀."

Gbogbo ará ìlú ló mọ ọkùnrin náà. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òun àti Pa Nuan ìyàwó rẹ̀ lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí adágún ká ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà mẹ́ta lójoojúmọ́, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn. Nínú oṣù kẹrin ọdún kan, nígbà tí oòrùn ń mú gan-an, Pa Nuan ṣubú lẹ́bàá adágún náà. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ohun tó padà wálé kò ju ara lásán lọ. Ó ń mí. Bí wọ́n bá fi ṣíbí sí i lẹ́nu, á gbé e mì. Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Lung Thawin ta bọ́ọ̀sì, ó ra alùpùpù tí wọ́n so àpótí mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kan pátákó kan sí ara rẹ̀, ó sì ń ta aago àti ìgò omi fún àwọn tó ń sáré. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà ààbọ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ á jókòó ti aláìsàn. Lẹ́yìn náà, Lung Thawin á padà sílé lọ yí i nípò lórí ibùsùn.

Ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ẹni tó ń kọjá kò lè sọ bóyá èèyàn wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Kratae mú ìyá rẹ̀ wá. Buaphan ni orúkọ ìyá náà, ilé ìwòsàn ìjọba ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Dókítà kan níbẹ̀ ti sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga. Ó ní kí ó máa sáré díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dín ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kù. Bí àsìkò òjò bá fi máa parí tí ṣúgà náà kò bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló kù. Ẹ̀gbọ́n Buaphan ti gba ọ̀nà abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n sì ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti ọrùn ẹsẹ̀. Kratae ti rí ẹsẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, tí ìyá rẹ̀ bá ń jẹun, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ tó ń bu òkèlè. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé ju àwọn méjèèjì lọ.

"Lung, ẹ fún mi ní èyí tó ń sọ iye ṣúgà tó wà lára èèyàn," ni Buaphan wí.

"Kò sí lórí pátákó mi. Tí aago bá mọ iyẹn, dókítà á ti wá bá Je Tum ta omi ìrèké."

Je Tum ni obìnrin tó ń fún omi ìrèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé orí sókè láti ibi ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ fi ìrèké mi sílẹ̀ o! Ẹni tó ń ta ìgò òfìfo ló ń bú ẹni tó ń ta ìgò tó kún!"

Lung Thawin kò rẹ́rìn-ín. Ó na aago kan sí Buaphan. "Bọ́ awò ojú rẹ. Kí lo rí?"

"Mẹ́fà. Àbí mẹ́jọ ni."

"Kò yẹ ọ́." Ó mú òmíràn, tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi bí èékánná àtàńpàkò. "Èyí ńkọ́?"

"Mẹ́jọ."

"Ki ọwọ́ bọ omi, kó o wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. Aago náà dún pí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó dúró. "Ó yẹ ọ́. Bọ́tìnnì kan láti bẹ̀rẹ̀, òun náà láti dúró. Tí òógùn bá wọ ojú èèyàn, kì í rántí ju bọ́tìnnì kan lọ."

"Ọmọ ọ̀gá wa ní òmíràn tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀."

"Kí ni o fẹ́ bá sátẹ́láìtì sọ? Adágún yìí kò sá lọ síbì kankan."

Ó wá kan ọ̀rọ̀ omi. Àpò kan wà tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí okùn rọ́bà rẹ̀ ń wá sí ẹnu. Buaphan fọwọ́ kàn án, ó wù ú. Lung Thawin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹni tó fẹ́ sáré dé Bangkok ló ni ìyẹn. Inú rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ méjì á bu, wàá sì máa mu ohun tó bu." Ó de bẹ́líìtì kan mọ́ ọn ní ìbàdí, ìgò rírọ̀ kékeré méjì wà lára rẹ̀, ó rọ omi sínú wọn. "Fò kí n rí."

"Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Fò."

Buaphan fò. Omi náà dún gbìlì, gbìlì. Je Tum fi ìrèké sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ má dá a lóhùn o, ìyá Kratae! Lánàá ló mú kí ọ̀gá ilé ìwé fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níbí!"

Lung Thawin fún àwọn ìgò náà títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán, ó wá dé wọn. "Tún fò." Lọ́tẹ̀ yìí kò dún. "Omi tó ń pariwo á sú ọ, wàá sì fi í sílé. Gbogbo ìgbà tó o bá dé ibi igi tí wọ́n so aṣọ aláràbarà mọ́ yẹn, mu ẹ̀kún ẹnu méjì. Má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ọ́." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tí Kratae gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá àti ọmọ ń sáré. Tí aago mẹ́fà bá lù, orin orílẹ̀-èdè á dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí àwọn òpó, gbogbo èèyàn tó yí adágún ká á sì dúró láìmira níbi tí ó bá wọn: ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń jó, ẹni tó ń fún ẹja ní búrẹ́dì. Àwọn tó ní aago á tẹ̀ ẹ́ dúró, kí àkókò ìdúró má baà wọ àkókò eré. Orin á parí, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin bọ́ sínú oṣù kẹrin. Ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀ láti inú bàtà. Lọ́jọ́ náà, Buaphan fi bẹ́líìtì sílé. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọṣọ á wà lára àwọn tó ń jó lẹ́bàá adágún, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìdí òun ti di àpò alágbàtà.

"Ìyá, omi ńkọ́?" ni Kratae bi í.

"Màá mu nígbà tá a bá délé."

Wọ́n ti sáré yí adágún ká ní ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró. Buaphan tẹ aago rẹ̀. Kratae na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé orí sókè, bó ṣe ń dúró ní iwájú ilé ìwé láràárọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá họra nígbà orin, igi olùkọ́ á bá a ní iṣan ẹsẹ̀.

Láti igun ojú ni ó ti rí i pé òjìji ìyá òun ń mì lórí símẹ́ǹtì. Ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó lọ, ẹsẹ̀ kò lọ. Kò sí ìbẹ̀rù, kò sí ẹkún, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó kàn dúró. Orúnkún ìyá rẹ̀ tẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Ẹnikẹ́ni kò mira.

Ìró sálúbàtà ni ó gbọ́, pàì, pàì, pàì, láàárín orin. Lung Thawin ti kúrò nídìí ọjà rẹ̀, ó ń sáré gba àárín àwọn tó dúró, ìgò omi lọ́wọ́. Èjìká rẹ̀ gbá ọkùnrin kan, ọkùnrin náà fi ojú nìkan tẹ̀ lé e. Ó fa Buaphan sí abẹ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lé orí itan ara rẹ̀, ó da omi sí i lọ́rùn. Orin ṣì ń lọ.

Nígbà tó parí, gbogbo èèyàn ya bò wọ́n. Je Tum gbé yìnyín dé. Lung Thawin wo Kratae. "Fi yìnyín sí abẹ́ apá ìyá rẹ."

"Lung, mi ò... mo rí i, àmọ́..."

"Dì í mú dáadáa. Méjèèjì."

Buaphan la ojú. "Ṣé mo tẹ aago dúró?" ló béèrè.

"O tẹ̀ ẹ́," ni Lung Thawin wí.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá a nídìí ọjà, ó sọ fún un pé àgbà bíi tirẹ̀ yẹ kó mọ ohun tí orin náà jẹ́. Lung Thawin ní, "Mo gbọ́." Ó sì ń nu aago lọ.

Láti ìgbà yẹn, Buaphan kò fi bẹ́líìtì sílé mọ́. Nígbà tí àsìkò òjò parí, dókítà wo ìwé rẹ̀, ó sì ní kò sí abẹ́rẹ́. Wọ́n ra ẹja yíyan lọ́jọ́ náà. Kratae jẹ ẹ́, ó sì dáa lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń jẹun. Láràárọ̀ ní ilé ìwé, tí orin bá bẹ̀rẹ̀, kì í mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ kò bi í rí pé, ìwọ ńkọ́, níbo lo wà nígbà tí mo ṣubú?

Ọdún méje kọjá. Kratae ti wà ní ìlú Khon Kaen, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé Pa Nuan ti kú. Ó wọ bọ́ọ̀sì wálé. Wọ́n wọ aṣọ dúdú lọ sí tẹ́ńpìlì, wọ́n bá àwọn èèyàn fi òdòdó tí wọ́n fi pákó gbẹ́ sí ara pósí, wọ́n wo èéfín iná tí wọ́n fi sun òkú náà bó ṣe ń jáde lókè. Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, Kratae rí Lung Thawin lórí àga oníke kan lábẹ́ òrùlé, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ó dà bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé omi tútù lọ fún un, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Lung, lọ́jọ́ tí ìyá mi ṣubú, mo rí i kí ó tó ṣubú. Mo kàn dúró ni."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ."

Ó mu omi náà tán. Ó gbé ife sílẹ̀.

"O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan, nítorí aago."

"Ẹ ṣì rántí, Lung?"

"Mo rántí. Mo ní ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Nuan ṣubú. Orin bẹ̀rẹ̀, mo dúró, mo gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ojú aago náà ni mò ń wò. Nígbà tó ka ogún ìṣẹ́jú-àáyá, mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé òun ni. Mi ò yíjú. Mo dúró títí orin fi parí. Láti ìgbà tó ṣubú títí orin fi parí, ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínláàádọ́ta ni. Tí mo bá so aago mọ́ ọwọ́, kò sí ohun mìíràn tí màá máa kà ju ìyẹn lọ."