Lọ́kà Rábíátù Tó Ń Dúró De Tíṣà Ìṣirò

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. A kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dún yìí. Títì ọlọ́dà kò tíì dé ìlú wa nígbà náà. Erùpẹ̀ pupa ni láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Òtu, bí ọkọ̀ kan bá sì kọjá lásìkò ọyẹ́, irun orí ènìyàn á pọ́n bí ẹni tó fi osùn pa á. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yín sínú ìwé ìrántí ọdún. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ pé n kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rí mi bí mo ṣe dúró ti lọ́kà àtijọ́ kan níwájú gbogbo ènìyàn, tí ẹnu mi wọhò. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Tíṣà Làmídì. Èdè Yorùbá ni mo fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn òbí yín kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka tiwa. Mo mọ lẹ́tà kọ. Ọ̀rọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ kí n má kọ lẹ́tà sí i. Bí ìyàwó mi bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní bí iná bá ń jó ilé wa, lẹ́tà ni n ó kọ́kọ́ kọ sí iná.

Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ń gbé lọ́kà tirẹ̀ wá, tábìlì kékeré onídèérí tí à ń kó ìwé sí nínú. Bàbá Rábíátù, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, jẹ́ káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, òun ló ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Igi tó bá rí ló ń lò fún ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n igi apá, igi líle tó wọ́n, ló fi kan ti ọmọ tirẹ̀. Ó fi irin gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára ìdérí: RÁBÍÁTÙ ÀṢÀKẸ́. Lọ́kà náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a máa ń fi Rábíátù ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ìjì bá ṣí ilé-ẹ̀kọ́ lọ, lọ́kà tirẹ̀ nìkan la ó bá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé tíṣà ìṣirò wa lọ sí ibòmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọn kò sì fi ẹnìkan rọ́pò rẹ̀. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí tí kò bá ní ìṣirò nínú, ibi tó lè gbé ènìyàn dé kò jìnnà. Rábíátù fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló mọ ìṣirò jù nínú wọn, òun ló sì dìde tó ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ó kọ́ wọn títí dé ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ pin sí. Lọ́jọ́ tó débẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí o," ó sì jókòó.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́. Mo kọ èkejì, mo kọ ẹ̀kẹta. N kò ní dárúkọ ìlú tí ọ́fíìsì náà wà, nítorí àwọn tó jókòó síbẹ̀ nígbà náà ti lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnìkan bá ọmọ wọn jà nítorí ọ̀rọ̀ mi. Kò sí èsì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo dé kíláàsì àṣekágbá, mo bá a lófo. Kò sí ọmọ, kò sí lọ́kà. Mo rò pé olè ti jà wá ni. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu géètì ló rẹ́rìn-ín sí mi: "Tíṣà, àwọn ọmọ yín ti gbéra láti ìgbà tí a kírun Súbúhì tán. Wọ́n ní àwọn ń lọ wá tíṣà."

Ọ̀kadà ni mo gùn lé wọn. Nígbà tí mo máa fi yọ sí wọn, wọ́n ti rìn dé ibi tí àwọn igi emi, tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, pọ̀ sí lójú ọ̀nà. N kò lè gbàgbé ohun tí mo rí títí n ó fi kú: lọ́kà mẹ́rìndínlógún lórí ọmọ mẹ́rìndínlógún, òṣùká lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú kùrukùru, Rábíátù ló ṣíwájú. Wọ́n ń kọrin pé, "A ò fẹ́ ìlérí mọ́, tíṣà la fẹ́." Orin náà kò dùn rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lóhùn, ẹrù sì wà lórí wọn. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ ọ lónìí, n ó sunkún.

Mo pariwo pé kí wọ́n padà kíákíá. Rábíátù kò lè kúnlẹ̀ nítorí ẹrù, ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú sí wa. Lẹ́tà yín ò mọ̀nà ni, àwa mọ̀nà."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn ní òwe yẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo gba lọ́kà lórí ẹni tó kéré jù nínú wọn, mo gbé e rù, a jọ rìn ín dé ọ̀hún.

Wọ́n to lọ́kà wọn láti ẹnu géètì títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà, wọ́n jókòó, wọ́n ṣí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti gba àárín kíláàsì kọjá. Ọ̀gá ọ́fíìsì jáde, okùn dígí ojú ń mì lọ́rùn rẹ̀.

"Ta ló rán yín wá síbí?"

"Ìṣirò ni, sà," ni Rábíátù dáhùn.

"Ẹ kó igi yín kúrò lọ́nà mi!"

Rábíátù dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá fún un. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, a ó kó o. Ẹ kàn bá wa ṣe ìbéèrè kẹrin yìí ná."

Ọ̀gá wo ìwé náà. Ó gbé dígí sójú, ó tún wò ó. "Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tèmi."

"Iṣẹ́ ta ni, sà?"

Ọkùnrin náà wọlé padà. Àwọn akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì gbé omi tútù jáde fún wa.

Ọjọ́ mẹ́ta la ṣe níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó fi lọ́kà sílẹ̀, a ó rìn wálé lọ́wọ́ òfo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún padà lọ jókòó. Àwọn ìyá gbé ẹ̀bà àti ẹ̀wà tẹ̀lé wa. Tó bá di ìrun Àílà lọ́sàn-án, àwa Mùsùlùmí á kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì inú wa á sì máa ṣọ́ ìwé kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ lọ. Mo ti ṣe ìyanṣẹ́lódì nígbà mélòó kan láyé mi, n kò gbádùn ìkankan bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀gá ọ́fíìsì ránṣẹ́ pè mí wọlé. Ó fi mí jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ní kí wọ́n po tíì fún mi, tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó pè mí ní "akọ̀wé àgbà". Ó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀: tíṣà ìṣirò yóò dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èmi jókòó lórí tìmùtìmù lọ́jọ́ náà, n kò rí nǹkan kan.

Mo jáde, mo ní kí àwọn ọmọ gbé ẹrù wọn, pé a ti ṣẹ́gun. Wọ́n hó yè. Rábíátù kò hó.

"Sà, ìwé lẹ rí. Tíṣà ńkọ́?"

"Òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lára rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí tíṣà dé kí á tó gbé ẹrù, sà."

Ara mi gbóná, ó dà bíi pé ó fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo wọn: "Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa bá àgbà jiyàn?"

Ó wò mí. "Ẹ̀yin ni, sà."

Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù gbé lọ́kà wọn. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ní lọ́kà náà kò ní kúrò níbẹ̀ títí tíṣà tí yóò dúró yóò fi dé. Nígbà tí a délé, baba rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. "Igi apá! Àṣàkẹ́, igi apá tí mo fi oṣù kan wá! O wá gbé e fún ìjọba!" Ṣùgbọ́n kò lọ gbé e, nítorí òun náà mọ irú ọmọ tí òun bí.

Tíṣà náà dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè lóòótọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún gbé e lọ. Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ti mú ìlérí àwọn ṣẹ, ṣebí ó dé. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ìdánwò ti kanlẹ̀kùn, ara wọn ti tutù. Wọ́n wọlé ìdánwò bẹ́ẹ̀. Rábíátù ṣe dáadáa nínú gbogbo rẹ̀ àfi ìṣirò. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì, kò bọ́ sí i, nígbà tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀, ó gbá ayùn mú. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin ń kan àga, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí, nítorí kò sí káfíńtà tó tó o láti ìlú wa dé Ìpàpó.

N kò ní purọ́ pé a kò rí nǹkan kan gbà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n kọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì fún wa, wọ́n fi tíṣà kẹ́mísírì sí i. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá rí lẹ́tà wa, wọ́n ń dáhùn, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù "àwọn ọmọ onílọ́kà". Kànga ẹ̀rọ tí a ṣí lọ́dún yìí, òrùlé tuntun tó rọ́pò èyí tí ìjì gbé lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, inú ẹ̀rù yẹn ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ló san gbogbo rẹ̀, èmi ni mo sì mu tíì.

Lọ́dún yìí ni mo lọ sí ọ́fíìsì náà láti lọ fi ara hàn pé mo ṣì wà láàyè, bí àwa tó ti fẹ̀yìn tì ṣe máa ń ṣe. Mẹ́gádì ẹnu géètì ní kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé àlejò. Mo tẹ̀ ba láti kọ ọ́, mo rí i pé lábẹ́ ìwé náà, wọ́n gbẹ́ orúkọ sára igi: RÁBÍÁTÙ ÀṢÀKẸ́. Mo gbé ìwé náà kúrò lórí rẹ̀, mo tún orúkọ náà kà; mo ti rò pé wọ́n ti fi lọ́kà yẹn dáná tipẹ́.

"Bàbá, ṣé kò sí ìṣòro?" ni mẹ́gádì wí.

Mo ní lọ́kà ọmọ mi ni, kó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ó ti wà níbí kí n tó dé. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ni." Nígbà tí mo gbé tábìlì oníke tuntun wá fún un ló tó yọ̀ǹda rẹ̀.

Mo nù ún, mo fi òrí pa á. Èrò mi ni pé kí n gbé e fún Rábíátù lọ́jọ́ ayẹyẹ yín, nítorí Kafáyà ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń jáde. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì níwájú ìlú kí ọkàn mi sì balẹ̀. Mo sọ ìtàn náà dé ibi tí mo ti mu tíì, mo ṣí aṣọ tí mo fi bò ó, mo pe Ìyá Kafáyà jáde. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúkọ tí baba rẹ̀ gbẹ́, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun, sà. Tíṣà ti dé ni?"

Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ yín ní ìṣirò wà lórí ìjókòó, ó ku oṣù kan kó lọ sílé rẹ̀. Ó gbórí wálẹ̀.

"Wọ́n ò tíì fi ẹnìkan síbẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ bá mi dá a padà, sà. Mo sọ ìgbà tí n ó gbé e."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ohun tí ẹ kò rí nìyí: lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Kafáyà àti mẹ́ta nínú yín wá bá mi nílé lẹ́yìn ìrun Súbúhì. Kafáyà ti fi ìborùn rẹ̀ ká òṣùká. Wọ́n fẹ́ gbé lọ́kà náà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé mi lórí. Mo rù ú dé ibi igi emi kí wọ́n tó gbà á, ọrùn mi ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì náà, mẹ́gádì rí wa, ó la ẹnu. Ó gbé tábìlì oníke sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tún tẹ́ ìwé àlejò sórí igi apá. Mo kọ orúkọ mi. Níbi tí wọ́n ní kí á kọ ohun tí a bá wá, mo kọ pé: tíṣà ìṣirò. Kafáyà kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi, àwọn yòókù náà kọ. Àyè kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wa, àkókò tí àlejò kúrò. A kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.