Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Dókítà

Ìwé kẹta ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n láti Òṣú títí dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kò sí ọ̀gá ilé ìwé tí kò tíì gba ẹnu ilẹ̀kùn tí mo kàn wọlé rí. Káfíńtà ni mí, ní Iléṣà. Bí mo bá fá ìrókò tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ẹ lọ wádìí.

Ìdí nìyẹn tí tíṣà lítíréṣọ̀ kan fi wá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé. Ọmọdébìnrin kúkúrú ni, awò ojú ẹ̀ tóbi ju ojú ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ fẹ́ ṣe eré ìparí sáà, wọ́n sì nílò ilẹ̀kùn méjì.

"Ìtàn òyìnbó tó ń bani lẹ́rù ni, sà. Dókítà kan, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni iyì, ló po oògùn kan. Tó bá ti mu ún, á di ìkà èèyàn pátápátá. Dókítà ń gba iwájú jáde, ìkà yẹn ń gba ẹ̀yìn. Ilé kan náà ni. Àmì ni ilẹ̀kùn méjèèjì: ọ̀kan fún ohun tí à ń fi han ayé, ọ̀kan fún ohun tí à ń fi pamọ́. Torí náà, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ burú."

Mo rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ọwọ́ mi ò mọ ìyẹn ṣe. Irọ́ sì ni ìtàn yẹn. Èèyàn kì í jẹ́ méjì. Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí mo ṣe rí níwájú náà ni mo rí lẹ́yìn."

Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀fọ́ nítòsí wúkọ́. Mo rò pé eruku pákó ni.

Mo gbìyànjú o. Mo mú pákó tí ikán ti jẹ, mo gé e wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà. Ibi tó wọ́, á tún un ṣe; ibi tó lanu, á dí i. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, tí eré ku ọ̀la, ilẹ̀kùn ìkà ti dán ju ti dókítà lọ.

Tíṣà dé, ó wò ó, ó jókòó sórí pákó. "Háà, ẹ pa mí, sà! Bí ìkà bá gba ibí jáde, ta ni yóò bẹ̀rù ẹ̀? Wọ́n á ní ó ń lọ gbéyàwó ni."

Ọ̀gá àgbà wọn ti sọ pé bí eré bá tún kùnà bí i ti èṣí, òun á fagi lé e, òun á sì fi àkókò ẹ̀ kọ́ wọn ní ìṣirò.

"Tíṣà, ẹ kálọ sẹ́yìnkùlé," ìyàwó mi ní.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ni wọ́n ń lọ wò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ní kó fi wà níbẹ̀ nígbà tá a kó dé lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn. Eku ti jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, rọ́bà táyà ló so ó mọ́ férémù, orúnkún lèèyàn sì fi ń ṣí i.

Tíṣà pariwo láti ọ̀hún. "Olúwa o! Òun gan-an nìyí! Ta ló kàn án?"

"Ẹ lọ bi í léèrè. Ó wà níwájú."

Bí wọ́n ṣe ń tú u gbé lọ sílé ìwé, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ mi. Bí aráyé bá mọ̀, mo ti tán ní Iléṣà. Tíṣà ṣèlérí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Dókítà jáde níwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún kẹ̀ẹ́ẹ́ẹ́, ariwo tí mo ń gbọ́ láràárọ̀ tí mi ò gbọ́ mọ́, àwọn ìyá ké "Jésù!" Bàbá kan dìde, ó fẹ́ máa lọ.

Eré parí, ọ̀gá àgbà gba máìkì, inú ẹ̀ dùn. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ óò tún ṣe é! Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, ta ló kàn án?"

Tíṣà wolẹ̀. Ìyàwó mi wò mí. Kí wọ́n máa yin ilẹ̀kùn, kí n sì jókòó? Kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mo dìde. "Èmi ni! Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe é!"

Ilẹ̀kùn dídán yẹn ló wà nílé ìdáná wa báyìí. Ẹ̀yìn ni ìyàwó mi ń mú àlejò gbà wọlé.